Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Oníròyìn Láti Ìlọrin Ṣe Lè Lọ Ṣe Ìròyìn ní Kútọnú

Ìbéèrè kan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ìròyìn ń bi mí lemọ́lemọ́, yálà wọ́n wà ní Yunifásítì Ìlọrin, ní Malété tàbí ní Pólì Ọ̀fà: báwo ni ẹni tí kò gbọ́ Faransé, tí kò dé Kútọnú rí, tí kò sì ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ńlá kankan lẹ́yìn, ṣe lè lọ sí ìlú náà kí ó sì mú ìròyìn gidi bọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ gùn, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀.

Kútọnú ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ó wà lára àwọn ìlú òkèèrè tí owó akẹ́kọ̀ọ́ lè ká, àti nítorí pé ó máa ń tan ọmọ Yorùbá jẹ. Ó sún mọ́ wa, aago wọn kò yàtọ̀ sí tiwa, wọ́n sì ń sọ èdè wa ní apá ibi púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ kì í ṣe òfin wa, owó ibẹ̀ kì í ṣe owó wa, ọwọ́ tí ìjọba ibẹ̀ sì fi ń mú oníròyìn kì í ṣe èyí tí a mọ̀ nílé. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí Òmù-Àrán ni wàhálà máa ń bá.

## Kí o tó kúrò ní Ìlọrin

Bí o bá máa fo apá kankan nínú ìtọ́sọ́nà yìí, má ṣe fo èyí. Ohun tí o kò bá tò sílẹ̀ nílé, owó àti àkókò ni o máa fi tò ó ní ìgboro Kútọnú.

1. Mú ìròyìn kan ṣoṣo, kí o sì jẹ́ kí ó kéré. "Ìgbé ayé àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Kútọnú" kì í ṣe ìròyìn. Ṣùgbọ́n bí o bá ní o fẹ́ mọ bí àwọn obìnrin tó ń kó aṣọ láti ọjà Dantokpa wá sí Ìlọrin ṣe ń rí èrè lẹ́yìn tí náírà ti já wálẹ̀, ó ti di ìròyìn, nítorí pé o mọ ẹni tí o ń wá, o mọ ibi tí ó wà, o sì mọ ohun tí o máa bi í. Bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀ níhìn-ín. Lọ sí Ọjà-Ọba, bá àwọn aláṣọ sọ̀rọ̀, kí o sì gba orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ ní Dantokpa pé "Màmá báyìí láti Ìlọrin ló ní kí n wá kí yín" ti wọlé ju ẹni tó na káàdì oníròyìn síta lọ.

2. Yẹra fún iṣẹ́ àfarapamọ́. Ní ìparí ọdún 2023, Umar Audu, oníròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian, gbé ìròyìn jáde nípa bí òun ṣe gba ìwé ẹ̀rí dìgírì ní Kútọnú láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Nàìjíríà dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Iṣẹ́ ńlá ni, akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ló sì fẹ́ fara wé e. Mo ní kí o má ṣe é. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ olóòtú tó lè dúró tì ọ́, agbẹjọ́rò, àti owó ìrìn-àjò ìpadàbọ̀ pàjáwìrì. Ìwọ kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn iléèwé gíga ibẹ̀ gan-an ni o fẹ́ kọ, kọ ọ́ ní gbangba, má sì jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu bí wọ́n bá ń fura sí ọmọ Nàìjíríà tó ń béèrè ọ̀rọ̀.

3. Tètè wá ìwé rẹ. Ìlànà ìrìn-fàlàlà ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979, fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wà ní Bẹ̀nẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Páásípọ́ọ̀tù ni kí o gbé dání. Gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́njú àti káàdì rẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní yẹ́lò káàdì, ó kéré tán ní ọjọ́ 10 kí o tó kọjá ẹnubodè, nítorí pé ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Má ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tí kò gún ọ lábẹ́rẹ́.

4. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka rẹ. Kí lẹ́tà náà sọ orúkọ rẹ, iléèwé rẹ, iṣẹ́ tí o lọ ṣe, ọjọ́ tí o lọ àti ọjọ́ tí o ń bọ̀, kí ó ní òǹtẹ̀, kí ó sì wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ní Faransé. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka Faransé ní iléèwé rẹ lè bá ọ túmọ̀ rẹ̀.

5. Kọ̀wé sí HAAC. Haute Autorité de l'Audiovisuel et de la Communication ni àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìròyìn ní Bẹ̀nẹ̀. ECOWAS fún ọ láyè láti wọ ìlú. Kò fún ọ láyè láti ṣe iṣẹ́ ìròyìn nínú rẹ̀. Kọ̀wé sí wọn ní Faransé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, kí o ṣàlàyé pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, kí o sì béèrè ìwé àṣẹ tí o nílò. Bí ìdáhùn kò bá wá, tẹ ẹ̀dà lẹ́tà tí o fi ránṣẹ́ jáde kí o sì mú un dání, ṣùgbọ́n nígbà náà má ṣe sún mọ́ ọ̀rọ̀ ìdìbò, ọ̀rọ̀ ológun tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba kankan.

6. Wá ògbufọ̀ kí o tó lọ. Ọ̀nà àbùjá kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í rántí. Àwọn tó ń kọ́ Faransé ní yunifásítì wa máa ń lọ gbé ní Abúlé Èdè Faransé ti Nàìjíríà ní Àjàrà, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ojú ọ̀nà Kútọnú gan-an. Wá ọ̀kan nínú àwọn tó ti ti ibẹ̀ dé. Ó lè bá ọ lọ, ó sì lè mọ ẹni tí yóò bá ọ ṣe é ní òdìkejì.

7. Tún nọ́ńbà inú fóònù rẹ ṣe. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní oní-8 di oní-10: wọ́n fi 01 sí iwájú èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Bí oníṣòwò kan ní Ọjà-Ọba bá fún ọ ní nọ́ńbà àtijọ́, tí o sì pè é títí tí kò wọlé, má tíì rò pé onítọ̀hún ti kó lọ. Tẹ +229, tẹ 01, kí o tó tẹ àwọn mẹ́jọ tó kù.

8. Yan ẹni kan tí yóò máa mọ ibi tí o wà. Kì í ṣe gbogbo ẹbí, kì í ṣe ẹgbẹ́ WhatsApp ti kíláàsì. Ẹnì kan ṣoṣo, tó ní ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù rẹ, àdírẹ́sì ibi tí o sùn sí àti nọ́ńbà ògbufọ̀ rẹ, tí ẹ sì ti jọ fẹnu kò sí aago tí o máa pè é láàárọ̀ àti lálẹ́, àti ohun tí yóò ṣe bí o kò bá pè.

Yẹ àpò rẹ wò:

- páásípọ́ọ̀tù, yẹ́lò káàdì, lẹ́tà méjèèjì, àti ẹ̀dà wọn nínú àpò mìíràn;
- ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan yàtọ̀ sí fóònù;
- páwà báǹkì, àti ohun tí a fi ń pààrọ̀ ẹnu púlọ́ọ̀gì sí oní-ẹsẹ̀ roboto méjì, nítorí pé ìho iná ibẹ̀ kò gba ṣájà wa;
- ìwé kékeré àti bírò, nítorí fóònù lè kú, wọ́n sì lè gbà á;
- aṣọ tó bo ara dáadáa fún mọ́ṣáláṣí àti fún ilé àwọn àgbà.

Fi dúróònù sílẹ̀ nílé.

## Ọ̀nà àti ẹnubodè

Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rí i pé Kwara fúnra rẹ̀ bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà, àti pé láti Chikanda ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Baruten, ènìyàn lè kọjá sí Nikki kó sì bọ́ sí Parakou. Má tìtorí èyí gba ibẹ̀. Láti Parakou sí Kútọnú lé ní 400 kìlómítà, àwọn agbébọn sì ti sọ apá Kàíámà àti Baruten di ibi tí a kì í rán ọmọ ènìyàn lọ láìnídìí. Gba Ìbàdàn lọ sí Èkó, sùn sí Èkó tàbí Àgbádárìgì, kí o sì kọjá ní Sẹ̀mẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí ojúmọ́ ti mọ́ kedere. Ibi àyẹ̀wò pọ̀ lójú ọ̀nà náà, nítorí náà má ṣe ṣètò ìpàdé kankan sí ọjọ́ tí o kọjá.

Bí o bá dé ẹnubodè:

1. Sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí o sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ gba òǹtẹ̀ ìjáde ní ẹ̀gbẹ́ tiwa àti òǹtẹ̀ ìwọlé ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Awakọ̀ yóò sọ pé kò pọn dandan, pé òun mọ̀ wọ́n. Òun mọ̀ wọ́n lóòótọ́. Ìwọ ni wọn kò mọ̀, ìwọ náà sì ni wọn yóò bi léèrè òǹtẹ̀ nígbà tí o bá ń padà bọ̀.
2. Má fi páásípọ́ọ̀tù rẹ lé àwọn tó ń sáré kiri pé àwọn fẹ́ bá ọ ṣe é lọ́wọ́.
3. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o ń lọ ṣe, sọ òtítọ́ kí o sì na lẹ́tà rẹ síta. Àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí ènìyàn ní ọjà lòun ń lọ rà. N kò fara mọ́ ọn. Bí wọ́n bá tú àpò rẹ tí wọ́n sì bá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ níbẹ̀, irọ́ yẹn ni o máa dáhùn fún, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ.
4. Má yọ fóònù jáde láti ya àwòrán. Kò sí bí ẹnubodè náà ṣe dára lójú tó.
5. Ṣẹ́ kìkì owó tí yóò gbé ọ dé ìgboro, kí o kà á lójú ẹni tó fún ọ, kí o sì lọ.

## Ọjọ́ kìíní: má fọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò

Ọjọ́ kìíní wà fún ẹsẹ̀ àti ojú. Ra síìmù ní ilé iṣẹ́ MTN, Moov tàbí Celtiis pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù rẹ, má ra èyí tí wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn sí. Ṣẹ́ owó tó kù, kí o sì bẹ̀bẹ̀ fún owó wẹ́wẹ́, nítorí pé ẹni tó na 10,000 sẹ́fà, owó ibẹ̀, sí ọlọ́kadà tàbí ìyá onírẹsì yóò dúró pẹ́.

Àwọn ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní zémíjàn, ló ń gbé ìgboro Kútọnú. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò tó ní nọ́ńbà. Dá iye owó pẹ̀lú wọn kí o tó gun ọ̀kadà, ka nọ́ńbà ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí, kí o sì di àpò rẹ mú sí àyà, kì í ṣe sí ẹ̀yìn. Bí ọwọ́ rẹ bá gbé áàpù, Gozem, tí a fi ń pe ọlọ́kadà lórí fóònù, wà níbẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ jọ máa fa ọ̀rọ̀ owó ní èdè tí o kò gbọ́.

Lẹ́yìn náà, rìn. Lọ sí ibi tí o máa ti ṣiṣẹ́ lọ́la, láìmú kámẹ́rà dání. Bí ó bá jẹ́ Dantokpa, ọjà ńlá tó wà létí ọ̀sà, wo ẹnu ọ̀nà tí o gbà wọlé, wo èyí tí o máa gbà jáde, wo ìlà tí àwọn aláṣọ wà, kí o sì mọ ibi tí o lè jókòó sí láti kọ nǹkan sílẹ̀. Ọjà náà tóbi débi pé ẹni tó mọ Ìpàtà dunjú ṣì máa sọnù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí owó nínú ìròyìn rẹ: iye sẹ́fà kì í yí padà sí owó Yúróòpù, 655.957 ni fún yúrò kan, ṣùgbọ́n náírà wa kì í dúró lójú kan. Máa kọ iye tí wọ́n sọ fún ọ ní sẹ́fà, kí o sì kọ ọjọ́ tí o ṣírò rẹ̀ sí náírà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí o bá kọ náírà nìkan, iye náà lè ti di àṣìṣe kí ìròyìn tó jáde.

## Bí o ṣe lè lo ògbufọ̀

Ibí ni iṣẹ́ ti ń dára tàbí ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í bìkítà sí.

Fojú inú wo obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Dantokpa. O bi í bí ọjà ṣe rí lọ́dún yìí. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí itan, ó sọ̀rọ̀ títí, ó nàka sí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ tún le, ó sì ka nǹkan mẹ́ta lórí ìka ọwọ́. Ògbufọ̀ rẹ wá yíjú sí ọ, ó ní: "Wọ́n ní ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ dára." Ìròyìn ti bọ́. Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù òdìkejì? Kí ló pa á lẹ́rìn-ín? Kí ni nǹkan mẹ́ta tó kà? Ògbufọ̀ náà kò purọ́. Ohun tó rò pé o fẹ́ gbọ́ ló sọ fún ọ. Bí o ṣe lè dènà rẹ̀ nìyí:

1. Jókòó pẹ̀lú ògbufọ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú, kí ẹ ka gbogbo ìbéèrè, kí o sì ṣàlàyé ìdí tí o fi fẹ́ béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ògbufọ̀ tó mọ ohun tí ìròyìn náà ń wá yóò mọ̀ pé ìka mẹ́ta yẹn ṣe pàtàkì.
2. Sọ fún un pé kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Bí obìnrin náà bá sọ pé "mo", kí òun náà sọ pé "mo". Kí ó má máa sọ "wọ́n ní, wọ́n ní", nítorí pé abẹ́ "wọ́n ní" ni ìkékúrú ti ń wọlé.
3. Ẹ fẹnu kò sí àmì ọwọ́ kan tí yóò fi dá olùsọ̀rọ̀ dúró tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn díẹ̀. Má dúró di ìgbà tí ó bá sọ̀rọ̀ tán.
4. Jẹ́ kí ògbufọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, kí ojú ìwọ àti olùsọ̀rọ̀ kọ sí ara yín. Òun ni kí o máa wò, òun ni kí o máa mi orí sí, kódà nígbà tí o kò gbọ́ nǹkan kan.
5. Gba ohùn gbogbo sílẹ̀, lẹ́yìn tí o bá ti gba ìyọ̀ǹda. Bí o bá délé, fún ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè náà ní ibi tó ṣe kókó jùlọ láti tún túmọ̀, láìjẹ́ kí ó rí ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ méjèèjì bá ti bára mu nìkan ni kí o fi sínú àmì ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu (“ ”). Ìyókù, ròyìn rẹ̀ lọ́rọ̀ ara rẹ.
6. Dá owó iṣẹ́, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ rẹ̀ ṣáájú, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì máa san án lójoojúmọ́. Ẹni tí o jẹ lówó kì í fara balẹ̀ túmọ̀.

Àwọn tí kò yẹ kí o fi ṣe ògbufọ̀: ìbátan ẹni tí o ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, zémíjàn tó gbé ọ débẹ̀, olórí ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara wọn.

Gbogbo èyí kò ní kí o má kọ́ gbólóhùn mélòó kan fúnra rẹ. Kí ènìyàn kí o tó béèrè ohunkóhun, gẹ́gẹ́ bí o ṣe máa ṣe nílé. "Bonjour" nìkan tó láti fi bẹ̀rẹ̀, bí o bá sì lè kí àwọn tó ń sọ èdè Fọ̀n ní "A fọ́n gánjí à?" láàárọ̀, ojú á túká. Lẹ́yìn rẹ̀, kọ́ àwọn wọ̀nyí sórí:

- *Je suis étudiant en journalisme, je viens d'Ilorin, au Nigeria.* Ìyẹn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìròyìn ni ọ́, láti Ìlọrin ní Nàìjíríà. Obìnrin yóò sọ pé *étudiante*.
- *Est-ce que je peux vous enregistrer ?* Èyí ni o fi ń tọrọ àyè láti gba ohùn ènìyàn sílẹ̀.
- *Comment écrivez-vous votre nom ?* Na ìwé àti bírò sí i bí o ti ń bi í, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ní ọ̀nà Faransé kò jọ bí ìwọ yóò ṣe kọ ọ́.

## Má jẹ́ kí Yorùbá tàn ọ́ jẹ

Ní Àjàṣẹ́, tí ayé mọ̀ sí Porto-Novo, tó sì jẹ́ olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnú ni ìjọba fìdí kalẹ̀ sí, o máa gbọ́ Yorùbá lọ́jà àti ní mọ́ṣáláṣí. Ní Kétu, Sàkẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Sábẹ̀ẹ́, èdè ilé ni. Ní Kútọnú fúnra rẹ̀, Fọ̀n àti Faransé ló gba ìgboro, Yorùbá sì wà lẹ́nu àwọn oníṣòwò.

Ìdẹkùn kìíní ni pé oníròyìn tó bá ti rí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ máa ń jókòó tì í. Bí ọjọ́ bá fi máa parí, gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ á jẹ́ oníṣòwò Yorùbá, ìròyìn tó pè ní ìròyìn Kútọnú á sì di ìròyìn nípa àdúgbò kan. Ìlànà tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí o bá Yorùbá sọ̀rọ̀, wá ẹnì kan tí kò gbọ́ ọ rárá. Ó ṣòro, ó sì ń ná ènìyàn lówó ògbufọ̀. Ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìdẹkùn kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Àwọn àgbà tó bá gbọ́ Yorùbá Ìlọrin lẹ́nu rẹ yóò sọ ọ́ di ọmọ. Wọn yóò ní "Ọmọ wa, jókòó, jẹun ná," wọn yóò sì máa sọ ọ̀rọ̀ fún ọ bí ẹni ń sọ fún ọmọ ilé: bí ẹrù ṣe ń kọjá, ẹni tí wọ́n ń fún lówó lọ́nà, ìjà tó wà láàrin àwọn àti ìyáálé. Oníròyìn kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nígbà náà. Jẹ oúnjẹ náà, dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí o tó tan ẹ̀rọ, sọ ọ́ ketekete: "Màmá, iṣẹ́ ìròyìn ni mo wá ṣe o. Ohun tí ẹ bá sọ fún mi lè jáde, orúkọ yín sì lè wà níbẹ̀. Ṣé kí a máa bá a lọ?" Tún un sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ ibi tó lè ṣe wọ́n ní ibi. Bí wọ́n bá ní kí o yọ apá kan kúrò, yọ ọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin gbé dání tí wọn kì í kà sí. Bí o bá lọ sí iléekéwú títí tí o fi gbọ́ Lárúbáwá díẹ̀, tàbí tí o gbọ́ Haúsá láti àdúgbò, àwọn ilẹ̀kùn kan wà ní Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí ní Kútọnú, tí Faransé kò lè ṣí. Kí àwọn àáfà bí o ṣe ń kí wọn nílé, kí o sì jẹ́ kí wọ́n bi ọ́ léèrè ẹni tó kọ́ ọ ní kéwú kí ìwọ tó béèrè tìrẹ. Bákan náà ní Àjàṣẹ́: mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀, tí àwọn Àgùdà, ìran àwọn tó padà dé láti oko ẹrú ní Bùràsíìlì, kọ́ ní ìrísí ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ náà, jẹ́ ibi tó dára láti pàdé ènìyàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ṣùgbọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ lémọ́ọ̀mù kí o tó gba ohùn kankan sílẹ̀.

Bí o bá sì rí i pé o ti ń gbèrò láti kọ nípa Ganvié, ìlú orí omi, kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè ohun tuntun tí o ní láti sọ. Ibẹ̀ ni gbogbo àlejò máa ń sáré lọ.

## Òfin àti kámẹ́rà

Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, tó ti wà láti ọdún 2018, tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ sì ti fi mú oníròyìn lórí ohun tí wọ́n kọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, wọ́n ju oníròyìn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan, Ignace Sossou, sí ẹ̀wọ̀n nítorí ohun tó kọ sórí ìkànnì ayélujára nípa ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ìjọba kan sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn oníròyìn. Oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni ó tó jáde. Bí ọmọ ilé bá rí èyí, kí àlejò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

- Má fi nǹkan kan nípa iṣẹ́ rẹ sórí Facebook, X tàbí ìtàn WhatsApp títí o fi padà kọjá ẹnubodè, àwòrán oúnjẹ náà pẹ̀lú, bí ó bá fi ibi tí o wà hàn.
- Má ya sójà, ọlọ́pàá, èbúté, pápákọ̀ òfuurufú, ààfin ààrẹ tàbí ẹnubodè. Láti ìgbà tí àwọn ológun kan ti gbìyànjú láti gba ìjọba ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, kò sí ìdí láti dán ẹnikẹ́ni wò lórí èyí.
- Má ya ojúbọ, Zangbeto (eégún aṣọ́de) tàbí ẹni tó ń ṣètùtù láìgba àṣẹ. Ní oṣù Kìíní, nígbà tí wọ́n ń ṣe ọdún Vodun, ìwọ yóò rí àlejò púpọ̀ tó ń yàwòrán fàlàlà. Ìyẹn kò sọ ọ́ di àṣẹ.
- Bí wọ́n bá dá ọ dúró, má jiyàn. Na lẹ́tà rẹ, béèrè láti pe ẹni tí ẹ jọ ṣàdéhùn, kí o sì ní nọ́ńbà ilé aṣojú Nàìjíríà ní Kútọnú lórí ìwé, kì í ṣe nínú fóònù nìkan. Bí wọ́n bá ní kí o pa àwòrán kan rẹ́, pa á rẹ́.

Ṣe èyí lálaalẹ́ kí o tó sùn:

- kó ohùn àti àwòrán ọjọ́ náà sí ibi méjì, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì;
- kọ orúkọ, iṣẹ́ àti nọ́ńbà ẹni tí o bá sọ̀rọ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ní kí o má gbé jáde;
- tún iye owó àti ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ béèrè lọ́wọ́ ògbufọ̀ nígbà tí ó ṣì rántí;
- pe ẹni tí ẹ jọ ṣàdéhùn.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí jù nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ sọ sínú àmì ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu bí ẹni pé ẹnu oníṣòwò gan-an ló ti jáde. Wọ́n ń fi Kútọnú wé Ìlọrin ní gbogbo ìlà, títí tí òǹkàwé kò fi ní rí Kútọnú mọ́. Wọ́n ń kọ "àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ gbà pé" lẹ́yìn tí wọ́n bá ènìyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀ ní ìlà ọjà kan. Wọ́n ń kọ ìrìn-àjò ara wọn dípò ìròyìn: bí ebi ṣe pa wọ́n, bí zémíjàn ṣe gbé wọn sọnù. Olóòtú tó bá mọ iṣẹ́ yóò gé gbogbo rẹ̀ kúrò, nítorí náà gé e kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

## Bí owó kò bá tó láti lọ

A lè ṣe púpọ̀ nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láti Ìlọrin. Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò tó ń ná ọjà Dantokpa, kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pe ẹni tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú rẹ, kí wọ́n fi ọ́ hàn án, kí ìwọ àti akẹ́kọ̀ọ́ Faransé kan tó wá bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ní aago tí ọjà bá ti tú. Wá oníròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kútọnú tàbí Àjàṣẹ́ tí ẹ lè jọ ṣiṣẹ́: òun á ṣe ti ọ̀hún, ìwọ á ṣe ti ìhín, orúkọ ẹ̀yin méjèèjì á sì wà lórí ìròyìn náà. Èyí tún dára ju lílọ lọ nígbà mìíràn, nítorí pé òun mọ ibi tí kò yẹ kí ènìyàn gbé kámẹ́rà dé.

Bí o bá ṣe é báyìí, kọ ọ́ kedere nínú ìròyìn pé orí fóònù ni o ti bá wọn sọ̀rọ̀, má sì ṣàpèjúwe ọjà tí o kò fojú rí. Bí ìròyìn bá ti jáde, fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí orúkọ wọn wà níbẹ̀, kí o sì fi àkékúrú rẹ̀ ní Faransé tẹ̀lé e, kí wọ́n lè sọ fún ọ bí ohun kan bá wà tí o gbọ́ ní àṣìgbọ́.